Eyín Tí Mo Yọ Lórúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òtítọ́ kan wà tó ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ìgbà pípẹ́, òní ni màá tú gbogbo rẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń fi pàṣán lé mi. Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ti gbọ́ ná, mo sì ti rí i pé ìjẹ́wọ́ kì í pa ènìyàn. Èmi tí àìjẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó gbóná, tí ẹ sì ń fi ojú olè wo ọmọ ọlọ́mọ, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Oníkóló, èmi gan-an ni olè náà.

Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Èmi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi tó kọjú sí títì. Ojú wa jọra débi pé bí mo bá ń lọ lọ́nà, àwọn tí mi ò mọ̀ rí á dá mi dúró, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ṣé aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti gbẹ?” Ìwà wa ni kò jọra. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé agboòrùn dání nígbà tí kò sí ẹyọ ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Èmi, òjò á pa mí rin gbingbin, màá sì ní ó wù mí kó pa mí tẹ́lẹ̀ ni.

Ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ti gba ìbánigbófò eyín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì. Wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, bí eyín bá sì dà á láàmú, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì á dá sí owó ìtọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni fífọ eyín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ ihò ni wọ́n fẹ́ dí, tàbí eyín ni wọ́n fẹ́ yọ, àwọn ló máa ń san èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó bá di iṣẹ́ ńlá, bíi kí wọ́n fọ gbòǹgbò eyín kí wọ́n sì fi nǹkan dé e lórí, ìdajì ni tiwọn, ẹni tó ni eyín á sì wá ìdajì tó kù. Èmi ò ní inṣọ́ránsì. Kóló ni mo ní, agolo wàrà kan tí mo dá lu lórí, tí mo gbé sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òwú. Mo ní owó eyín mi ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Oníkóló.

Gbogbo Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ yìí la ó máa fà bí ẹni fa okùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń da omi sínú agbọ̀n,” mo máa ń wí. “Oṣù dé, wọ́n mú owó yín. Oṣù tún dé, wọ́n tún mú un. Eyín ò sì dùn yín. Ta ló wá jẹ owó náà?”

“Ọkàn mi tó balẹ̀ ló jẹ ẹ́,” ẹ̀gbọ́n mi á fèsì. “Ìwọ ńkọ́, bí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́ nísinsìnyí?”

“Màá fọ́ kóló.”

“Kóló tí o ti bọwọ́ sí láti fi ra bọ́tìnì?”

Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan tó máa ń wá gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrú á dá sí i pé òun ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, pé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín ló dára jù. “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ṣe é, ọ̀gá wọn á dúró tì wọ́n. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Àmọ́ ẹ ó lanu títí ẹ ó fi gbàgbé orúkọ yín.” Ẹlòmíràn á ní ilé ìwòsàn kan wà tó ń jẹ́ kí èèyàn san díẹ̀díẹ̀, bó bá ti lè mú onídùúró wá. Èmi á wá fi ohùn mi bo tiwọn: “Ẹ dákẹ́ jàre! Eyín irin ni tèmi. Ẹni tó bá rí mi nídìí inṣọ́ránsì láéláé, kó yáa tètè wá sọ fún mi, torí èmi kọ́ nìyẹn!” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, lára eyín ńlá tó ṣìkejì èyí tó gbẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ máa ń ta mí bí mo bá mu omi tútù. Mo yí ẹnu sí òsì. Nígbà tó yá ó ń ro mí láìmu ohunkóhun, bí mo bá sì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, gbígbọ̀n rẹ̀ á gba apá mi wọ inú eyín náà lọ, bí ẹni pé ẹnu mi ni mò ń rán. Mo gbé kóló. Ó fúyẹ́. Mo ti kó gbogbo inú rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, mo sì ti rọ bọ́tìnì kún un kó lè máa dún bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé e mì.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń sọ. Èrò tí mo bá níbẹ̀ pọ̀, wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń san díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n mú onídùúró kan wá tó ń gba owó oṣù. Ta ni mo mọ̀ tó ń gba owó oṣù? Ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó sórí ìjókòó tó wà níwájú ilé ìwòsàn náà, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mo rò ó. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá lọ bá a. Yóò kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, yóò ní ká jọ máa lọ. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà. Ẹ gbọ́ mi yé o: kì í ṣe àìlówó ló sọ mí di olè. Ẹ̀rù ẹ̀rín ni.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Ọkọ̀ ojú omi lọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ lójú òkun. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré ló ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbé. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Ilé búrẹ́dì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń jáde ní ìdájí, ó sì máa ń ti dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀sán ni mo yàn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbi iṣẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá,” Ìyàwó wí, ó kúnlẹ̀ kí mi. “Àwọn Màmá ò tíì dé o.”

“Mo mọ̀. Àwòṣe aṣọ kan ni mo fẹ́ mú ní yàrá wọn.”

“Ẹ wọlé, Màmá. Ilé yín ni. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín.”

Kí ó tó gbé omi dé, mo ti ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gba ìtọ́jú inṣọ́ránsì ti wà láyà mi. Mo mu omi tó bù fún mi. Ó tutù, ó ta eyín mi, mo sì mu ún tán kó má baà fura.

Ilé ìwòsàn kan tó jìnnà ni mo lọ lọ́jọ́ náà, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, tí wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú bi mí ní orúkọ, mo pe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi mí ní ọjọ́ ìbí, mo sọ ọ́ wàrà; èmi ni mo máa ń rán aṣọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, báwo ni màá ṣe gbàgbé? Dókítà eyín yẹ ẹnu mi wò, ó ní, “Mà, eyín yìí ṣì ṣeé tọ́jú. A lè fọ gbòǹgbò rẹ̀, ká dé e lórí. Ẹ ó kàn máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inṣọ́ránsì á sì san ìdajì.” Ojú olè kì í gbé ibì kan pẹ́. Mo ní, “Ẹ yọ ọ́.” Ó tún bẹ̀ mí. Mo ní kó yọ ọ́. Bí mo ṣe fi eyín tó ṣì lè yè sọ̀kò nìyẹn, nítorí pé orúkọ tí mo gbé wá kì í ṣe tèmi.

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn mí. Kò pẹ́ tí gbogbo ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ètè mi wú, mo ń wá èémí tì. Wọ́n sáré gún mi ní òmíràn, wọ́n gbé mi nílẹ̀, wọ́n ń fẹ́ mi. Nígbà tí mo padà sípò, wọ́n lo oògùn mìíràn, eyín sì jáde. Dókítà wá kìlọ̀ fún mi, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì fi ń pè mí: “Oògùn àkọ́kọ́ yẹn, ara yín kọ̀ ọ́. Níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ rí i pé ẹ sọ fún wọn. Ó lè gbẹ̀mí yín.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo dá káàdì padà síbi tó wà. Mo ní oyin ló ta mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyàwó ló gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, òun náà ló rẹ aṣọ sínú rẹ̀ fún mi.

Ọdún méjì kọjá, mo ti ń gbàgbé. Èèyàn máa ń gbàgbé ohun tí kò bá dùn ún mọ́. Lọ́jọ́ kan eyín ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ojú wa nìkan kọ́ ló jọra o, ẹnu wa náà jọra: eyín kan náà ni, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, èyí tó ṣìkejì èyí tó gbẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti ń san owó rẹ̀ bọ̀ láìdá oṣù kan sí. Ó mú káàdì, ó lọ. Dókítà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ́fíìsì wọn lọ, ó bá akọ̀wé apárí kan nídìí tábìlì.

“Mà, a ti sanwó yíyọ eyín yìí,” akọ̀wé wí.

“Èyí tó wà lẹ́nu mi yìí?”

“Kò sí lẹ́nu yín mọ́, Mà. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nìyí.”

“Ṣé kí n wá fi gé ọ jẹ ni, kó o lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá sọ ọ́, gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ oníbàárà ni mo tó rí i.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lọ títí. Akọ̀wé pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá pe ọ̀gá tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti yá ẹlòmíràn ní káàdì, bóyá ó tilẹ̀ gbowó lórí rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú inṣọ́ránsì, wọ́n sì fi tó òtẹ́ẹ̀lì létí. Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò mú hánkáṣíìfù kan lọ sílé rí, wọ́n ní kó máa bá àwọn ọmọ tó ti kọ́ níṣẹ́ fọ aṣọ. Eyín ń ro ó, ojú ń tì í. Ó pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: èmi, Ìyàwó, tọkọtaya tó ń gbé òkè wọn, àti olùkọ́ tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, torí ó ní òun fẹ́ kí àgbà gbọ́ ọ.

“Ẹnì kan mú káàdì mi,” ó wí. “Kò rìn jáde fúnra rẹ̀. Ta ló ń wọ yàrá mi?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyàwó. Ta ló tún kù? Òun ló ń gbé ilé náà.

“Màmá, ẹ má bínú o,” Ìyàwó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Èmi kọ́. Àmọ́ mo rántí ọjọ́ kan tí Màmá Aránṣọ wá mú àwòṣe aṣọ ní yàrá yín nígbà tí ẹ ò sí nílé. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, tí wọ́n ní oyin ta wọ́n. Mi ò sọ pé àwọn ni o. Mo ní ẹ kàn bi wọ́n.”

Mo dìde. “Èmi?” mo ní. “Èmi Ìyá Oníkóló? Inṣọ́ránsì tí mo ti ń bú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òun ni mo wá lọ jí lò? Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi gbọ́ o! Ta ni ò mọ̀ mí nínú yín?” Olùkọ́ ní òótọ́ ni, pé kò sí ẹni tó kórìíra inṣọ́ránsì tó mi ní gbogbo àdúgbò. Àwọn ará òkè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi rọ̀. Gbogbo àríyànjiyàn ọjọ́ Sátidé, gbogbo ẹ̀fẹ̀, gbogbo ariwo, wọ́n wá di ẹlẹ́rìí fún mi lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jẹ́rìí mi dáadáa.

Ìyàwó ò kúrò níbi tó dúró sí. Ó ní, “Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lanu.”

Bí mo bá lanu, ó ti parí. Àlàfo náà wà níbẹ̀ gbangba, ọmọdé á rí i. Ahọ́n mi ti wà nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

“Kí lo wí? Àbúrò mi, tó wẹ ọkọ rẹ ní ìkókó, ni o ní kó lanu bí àgbò tí wọ́n fẹ́ rà? Nínú ilé mi? Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí o tọrọ àforíjì!”

Ìyàwó wò mí lójú. Ó dúró. Mo mọ ohun tó ń dúró dè, ó ń fún mi láyè. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi sọ gbólóhùn kan. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣì sọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, olè jíjà burú, irọ́ pípa burú, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe tẹ̀ lé e ló burú jù nínú gbogbo ayé mi. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, “Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Má ṣe é mọ́.” Wọ́n yìn mí. Olùkọ́ ní àgbà tó ní sùúrù ni mí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyàwó fi kó ẹrù rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ pè é láti ojú òkun, ó ní kó yáa bẹ̀ wọ́n, pé àgbà ni wọ́n. Láti ìgbà náà kò gbé fóònù ọkọ rẹ̀ dáadáa mọ́. Ní àdúgbò, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n ń ní “èyí tó mú káàdì ìyá ọkọ rẹ̀ yẹn.” Ẹ̀gbọ́n mi ò rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé, á jókòó, á ní, “Ìwọ nìkan ló kù mí kù.” Màá máa tẹ ẹ̀rọ mi lọ.

Bí mo ṣe ń bẹ̀rù kí dókítà eyín má rí àlàfo yẹn, mi ò yọjú sí ọ̀kankan mọ́. Eyín mìíràn kẹ̀ lápá òsì, mo ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ó wú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn mi, ó di pé itọ́ ò lọ, èémí ń há. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà obìnrin kan ní wọ́n gbọ́dọ̀ là á kíákíá kí ó tó dí ọ̀nà ọ̀fun mi.

“Ṣé oògùn kankan wà tí ara wọn kọ̀?” ó bi ẹ̀gbọ́n mi.

“Kò sí o, Dókítà. Àbúrò mi ò jókòó lórí àga oníṣègùn eyín rí. Eyín irin ló ní.”

Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí mi lẹ́nu. Ó ní, “Ta ló wá yọ ti apá ọ̀tún yìí?”

“Èwo?” ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ inú ẹnu mi wò.

Mo lè ní ó já fúnra rẹ̀ ni. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má yìn mí o. Ẹ̀rù ikú ló mú mi jẹ́wọ́, kì í ṣe ìwà rere. Mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, mo fi ẹnu wíwú sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Abẹ́rẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ wò.”

“Orúkọ mi?” ẹ̀gbọ́n mi wí.

Dókítà ò lóye. Ẹ̀gbọ́n mi lóye. Mo rí i tí ó yé e, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí wá sí ẹnu. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kọjú sí dókítà, ó ní, “Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ, kò sì gbọdọ̀ kú kí n tó sọ ọ́.”

Mi ò kú. Nígbà tí mo lajú, ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kóló tí bọ́tìnì kún inú rẹ̀, dúrọ́ọ̀, omi tútù, oyin. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò wá bá mi?” Mo ní, “Ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín.” Ó rò ó sí, ó ní, “Òótọ́ ni, ǹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín.” Ó wá bú sẹ́kún. “Èyí tí o ṣe sí mi, mo lè gbé e. Àmọ́ èmi ni mo ní kí ọmọ yẹn kúnlẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀?” Lóru ọjọ́ náà mo sun oorun tí mi ò sùn láti ọdún yìí wá. Ojú ń tì mí, mo sì ń sùn. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè wọ ara wọn.

Bí mo ṣe kúrò ní ilé ìwòsàn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gba ọ́fíìsì inṣọ́ránsì lọ, a sì dúró síwájú akọ̀wé apárí, a lanu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi iná fóònù rẹ̀ wo ẹnu kan, ó wo èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí irú èyí rí. Wọ́n ní kí n san ohun tí mo jẹ padà díẹ̀díẹ̀, mo sì ń san án. Wọ́n dá inṣọ́ránsì ẹ̀gbọ́n mi padà, wọ́n tún orúkọ rẹ̀ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, mo sì sọ ọ́ fún wọn ní ṣókí. Olùkọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ òun lójú kọ́kọ́ tì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa bi mí pé èwo ló wá dára jù. Bí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ tó ń dá sí inṣọ́ránsì, ẹ gbà á, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kí eyín tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ yín ò ní wọ inú kóló, kóló dára. Ẹni tó bá ráyè, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ní onídùúró, kó san díẹ̀díẹ̀, kó sì gbà kí onídùúró fi òun rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ló ní ibi tó ti ń ta èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu ẹlòmíràn sanwó eyín yín, torí ẹni tí yóò san èyí tó kù lè jẹ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì la lọ gbẹ̀yìn. Ìyàwó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó síta, mo ní kí wọ́n má lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́, ketekete, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì mí. Mo rò pé Ìyàwó á sáré gbé wa dìde, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Kò gbé wa dìde.

“Mo ti gbọ́, Màmá,” ó wí. “Láti ọjọ́ náà, ara mi ni mò ń bínú sí. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹnu mi ló yá jù, pé ó yẹ kí n ti dákẹ́ ni, ǹ bá ṣì wà nílé ọkọ mi. Mo ti fi ìyẹn na ara mi tó. Ẹ máa lọ ná. Ẹ jẹ́ kí n ráyè bínú sí yín.”

Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. A dìde, a gbọn eruku orúnkún wa, a sì ń bọ̀ nílé. Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí mi.

“Kò dárí jì wá.”

“Kò tíì dárí jì wá, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ló wá dé tí ara rẹ fúyẹ́ báyìí? Ò ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.”

Mo ní, “Kò bínú sí ara rẹ̀ mọ́. Èmi ló ń bínú sí.”